Ilé ìtọ́jú tí ó ń kọ́ Ìyá mi láti rántí: àgbéyẹ̀wò oṣù mẹ́rin ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ìyá mi ti ń rìn. Ohun tí gbogbo ẹni tí ó wá kí wa lẹ́yìn tí a ti ilé ìwòsàn dé ń wí nìyẹn, tí wọ́n sì ń dúpẹ́ lé lórí, nítorí pé ẹni tí sítróòkù dá dùbúlẹ̀ lóṣù Ẹrẹ́nà, tí ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ẹnu ọ̀nà lóṣù Èbìbí, ọpẹ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbà. Ohun tí àwọn àlejò náà kì í dúró rí ni pé bí wọ́n bá ti yí ẹ̀yìn padà báyìí, Ìyá mi yóò bi mí pé ta ni ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yẹn. Tí ó bá tún di ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i, wọn yóò bi mí bóyá ẹnikẹ́ni tilẹ̀ yà sí ọ̀dọ̀ wa lónìí. Ẹsẹ̀ ni gbogbo ayé ń wò. N kò rí ẹni tí ó béèrè ọpọlọ.

Ilé ìtọ́jú tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí béèrè rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí. N kò ní dárúkọ ibẹ̀, nítorí pé mo ní ẹ̀sùn díẹ̀ tí mo fẹ́ sọ láìfi ọwọ́ bo ẹnu, wọ́n sì ti ṣe àtúnṣe sí òmíràn nínú wọn nígbà tí mo kó wọn kalẹ̀ níwájú ọ̀gá wọn. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sáré lọ síbẹ̀ lọ́la. Mo fẹ́ kí ẹni tí ó ní irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ nílé mọ ohun tí ó yẹ kí ó bá níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, kí ó sì mọ èyí tí kò yẹ kí ó san owó fún.

Ọ̀rọ̀ ẹran ni ó gbé wa débẹ̀. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí Ìyá mi dé ilé, ìyàwó àbúrò mi gbé àmàlà kalẹ̀ fún wọn lọ́sàn-án, ó bu gbẹ̀gìrì àti ewédú sí i, ó sì to ẹran mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ àwo. Nígbà tí mo fi máa wọlé, ariwo ti sọ. Ìyá mi ń wí pé wọn kò fún àwọn ní ẹran, pé nítorí pé àwọn kò lè lọ sí ọjà mọ́ ni a ṣe sọ àwọn di ẹni tí ń fi omi ọbẹ̀ jẹun. Ìyàwó àbúrò mi bú sẹ́kún. Mo yọjú wo inú àwo náà: ẹran mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀ ní apá òsì, pẹ̀lú ìdajì àmàlà tí ọwọ́ kò kàn rárá, bí ẹni pé ẹnì kan fi ọ̀bẹ la àwo náà sí méjì. Apá ọ̀tún ti mọ́ tónítóní. Mo fi ẹran náà hàn wọ́n, wọ́n ní a ṣẹ̀ṣẹ̀ jù ú sí i ni.

Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà nílẹ̀ yìí, ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà kọrí sí. Àbúrò mi ní Ìyá ti ń ṣarán. Àǹtí mi kan tí ó wá láti Ìkòyí-Ilé ní kì í ṣe arán, pé ọwọ́ ayé ni, ó sì ti mọ ẹni tí òun fura sí. Èmi gan-an, tí mo ń fi ẹ̀kọ́ Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà láti ọdún pípẹ́, rò nínú ara mi pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é ni, kí a lè túbọ̀ máa ké wọn. Ojú ń tì mí láti kọ ìyẹn sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó ṣe rí nìyẹn.

Ilé ìtọ́jú náà kò jìnnà sí títì tí ó gba Takie kọjá sí ọ̀nà Ìlọrin, nínú ilé ilẹ̀ kan tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé. Ọ̀gá ibẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì àgbà tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ọ̀dọ́bìnrin kan wà níbẹ̀ tí ó kọ́ iṣẹ́ bí a ṣe ń dá aláìsàn padà sẹ́nu iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, ọkùnrin kan wà fún ẹsẹ̀ àti apá, dókítà kan sì máa ń wá ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ nìkan. Ibi àkọ́kọ́ tí inú ti bí mi ni ẹnu ọ̀nà: àtẹ̀gùn mẹ́ta ni ẹ ó gùn kí ẹ tó wọlé, kò sì sí irin kan tí ènìyàn lè dì mú. Ilé tí wọ́n kọ́ fún ẹni tí rọpárọsẹ̀ ti ṣe rí! Èmi àti ọlọ́kadà tí ó gbé wa wá ni a gbé Ìyá mi wọlé. Nínú yàrá ìdúró, tẹlifíṣọ̀n ń pariwo lókè, ẹ̀rọ amúnáwá ń dáhùn láti ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ní kí a wá ní aago mẹ́sàn-án, aago mọ́kànlá kọjá kí wọ́n tó pè wá. Mo ń sọ èyí nítorí pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbádùn lásán. Ẹni tí sítróòkù ṣe máa ń tètè rẹ̀, ariwo sì ni ọ̀tá àkọ́kọ́ fún ọpọlọ tí kò lè fi ara balẹ̀ sí ohun kan ṣoṣo. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dán ìrántí Ìyá mi wò, wọ́n ti lo ìdajì agbára tí ó wà nínú rẹ̀ tán lórí bẹ́ńṣì.

Àyẹ̀wò ọjọ́ náà kò sì dára. Ọ̀dọ́bìnrin náà kúnlẹ̀ kí Ìyá mi dáadáa, ó pè wọ́n ní Màmá, ìyẹn kò lábùkù. Ṣùgbọ́n ìwé ìdánwò ìrántí tí ó mú jáde ni èyí tí wọ́n ń pè ní MoCA, tí wọ́n ṣe ní Montréal ní orílẹ̀-èdè Kánádà, tí máàkì rẹ̀ jẹ́ 30, tí ẹni tí ara rẹ̀ dá sì yẹ kí ó gba 26 ó kéré tán. Ìwé náà dára fún ẹni tí wọ́n ṣe é fún. Wọ́n máa ń ní kí ènìyàn ya ojú aago, kí ó máa yọ méje kúrò nínú ọgọ́rùn-ún léraléra, kí ó rántí ọ̀rọ̀ márùn-ún lẹ́yìn ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, kí ó sì dárúkọ ẹranko tí ó rí nínú àwòrán. Ìwé kẹta ni Ìyá mi kà dé kí wọ́n tó fi wọ́n sẹ́nu òwò. Wọ́n wo àwòrán àgbáńréré títí, wọ́n wá ní, “Ẹlẹ́dẹ̀ wo nìyí tí ó hu ìwo sí imú?” Ọ̀dọ́bìnrin náà fún wọn ní òdo. Èmi fún wọn ní máàkì kan lọ́kàn mi, nítorí ta ni ó rí àgbáńréré rí ní Ògbómọ̀ṣọ́? Wọ́n ní àwọn fi máàkì kan kún un nítorí ìwé tí wọn kò kà púpọ̀, bí òfin ìdánwò náà ti wí. Pẹ̀lú ìyẹn náà, 11 ni wọ́n gbà.

Mo jáde pẹ̀lú ìbínú, díẹ̀ ló kù kí n má padà mọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ ọ̀gá wọn tí ó pè mí lẹ́yìn ọjọ́ méjì, tí ó ní kí a tún wá ní àárọ̀ kùtùkùtù kí ariwo tó bẹ̀rẹ̀, pé òun fúnra òun ni yóò dán wọn wò. Ọ̀gá náà kò mú bébà jáde. Páálí ìṣáná ni ó mú jáde. Ó to igi ìṣáná mẹ́rin sórí tábìlì ní àpẹẹrẹ kan, ó fún Ìyá mi ní mẹ́rin tiwọn, ó ní kí wọ́n to tiwọn bí tòun ṣe rí. Ó wá ṣàlàyé fún mi pé àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn ni wọ́n gbé ìdánwò igi yìí jáde, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúṣẹ́gun Baiyewu wà lára wọn, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2005, nígbà tí wọ́n rí i pé àwọn arúgbó tí wọn kò di gègé mú rí kò lè ya àwòrán lórí bébà, kì í sì í ṣe pé ọpọlọ wọn kú. Àdúgbò Ìdìkan ní Ìbàdàn ni àwọn onímọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí nípa arán àwọn àgbàlagbà láti ọdún 1992, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Ohun tí ó wà nítòsí wa bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà, tí wọ́n fi ojú ara wa wò kí wọ́n tó ṣe é, a fi í sílẹ̀, a ń fi àgbáńréré dán arúgbó wò.

Ìyá mi to igi náà. Mẹ́ta wà ní ipò wọn gẹ́lẹ́. Ìkẹrin, èyí tí ó yẹ kí ó wà ní ọwọ́ òsì, wọn kò fọwọ́ kàn án. Ó wà lórí tábìlì níbẹ̀, lápá òsì wọn, wọ́n sì ń wí pé igi òun ló dín. Mo rántí ẹran lójú ẹsẹ̀. Ọ̀gá náà kò sọ nǹkan kan, ó kàn di páálí ìṣáná náà mú láti ẹ̀gbẹ́, ó fi ìka ta igi náà díẹ̀díẹ̀ láti apá òsì bọ̀ sí apá ọ̀tún, títí ó fi kọjá àárín. Bí ó ṣe kọjá àárín báyìí ni Ìyá mi na ọwọ́ mú un: “Áà, òun nìyí.”

Nítorí náà, kì í ṣe ojú. Apá ọ̀tún ọpọlọ Ìyá mi ni ẹ̀jẹ̀ dídì ti dí òpó ẹ̀jẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé apá òsì ara wọn ni ó rọ. Àwọn dókítà ti sọ ìyẹn fún wa ní ilé ìwòsàn. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa ni pé apá ọ̀tún ọpọlọ yẹn kan náà ni ó máa ń jẹ́ kí ènìyàn ka apá òsì ayé sí. Ojú ń rí ẹran náà, ọpọlọ kò gbà pé ibẹ̀ wà. Bí ẹ bá yí àwo, wọn yóò jẹ ẹ́. A ti ń yí àwo láti ọjọ́ náà, ìjà ẹran sì parí nílé wa. Mo lọ bẹ ìyàwó àbúrò mi, mo mú èso káṣú dání.

Àlàyé kejì tí ó ṣe mí láǹfààní jù nípa ìrántí gan-an ni. Mo ti rò pé ohun tí a bá ń pè ní ìgbàgbé, ohun kan ṣoṣo ni. Ọ̀gá náà béèrè iṣẹ́ tí Ìyá mi ń ṣe, mo ní ẹ̀lùbọ́ ni wọ́n ń tà ní ọjà Jagun, èyí tí wọ́n ń kó wá láti Ṣakí. Ó ní ó dára, pé bí ẹ̀lùbọ́ bá dín nínú kóńgò, ó lè jẹ́ pé kóńgò jò, ó sì lè jẹ́ pé ẹni tí ó ń bu ẹ̀lùbọ́ kò bu ú kún láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí Ìyá mi “gbàgbé” kò tilẹ̀ wọlé rí. Nígbà tí àlejò ń sọ̀rọ̀, tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀, ọmọ ń sunkún, ọpọlọ wọn kò rí ọ̀kan mú nínú gbogbo rẹ̀, kò wá sí ohun tí yóò rántí lẹ́yìn náà. Nǹkan kejì ni pé èrò wọn ti lọ́ra, ẹ sì ní láti dúró de ìdáhùn wọn, bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí ẹ tó sọ pé wọn kò mọ̀ ọ́n. Èyí tí ó sì le jù ni ètò: iṣẹ́ tí ó bá ní ìpele bíi mẹ́rin, irú bíi ká da omi sínú ìkòkò, ká dúró kí ó hó, ká yọ iná rẹ̀ sílẹ̀, ká wá da ẹ̀lùbọ́ sí i, wọ́n lè mọ gbogbo ìpele náà lẹ́nu, kí ó sì dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí oríkì tàn yín jẹ. Nígbà tí ọ̀dọ́bìnrin yẹn sọ pé ará Ìkòyí ni bàbá òun, Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ki Oníkòyí fún un láti orí débi ẹsẹ̀, wọn kò ṣi ọ̀rọ̀ kan, wọn kò dúró mí, ọmọ náà sì ń dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin nítorí ẹ̀rín. Mo wo ọ̀gá wọn lójú bí ẹni pé, ẹ ò rí i bí, ìrántí wo ni ẹ ń wá? Ó ní ohun tí ènìyàn há sórí láti kékeré, tí ó sì ti kì ní ìgbà ẹgbẹ̀rún, kì í tètè bá sítróòkù lọ. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ yìí ni ó máa ń kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó bi Ìyá mi pé ta ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kì. Wọ́n rò ó títí, wọ́n ní, “Ǹjẹ́ mo tilẹ̀ ki ẹnì kankan?”

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, wọ́n yẹ àwọn nǹkan kan wò tí n kò rò pé ó kan ìrántí: etí wọn, awò ojú wọn tí ó ti fọ́ láti ìgbà tí wọ́n ṣubú, àti gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò, pátá, títí kan èyí tí a rà fúnra wa. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí oògùn ara yíyún kékeré kan tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń fún Ìyá mi ní alaalẹ́ nítorí pé ó ń jẹ́ kí wọ́n sùn. Dókítà ní oríṣi oògùn yẹn, tí ó ń kun ènìyàn lóorun, máa ń da ọpọlọ àgbàlagbà rú, pé kí a dá a dúró. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Ìyá mi tún ń mọ àárọ̀ yàtọ̀ sí ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi sunkún. Wọ́n tún wo ìbànújẹ́ ọkàn, nítorí pé nínú ẹni mẹ́ta tí sítróòkù bá ṣe, ó máa ń mú bí ẹnì kan, ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá sì wúwo, kò sí bí yóò ṣe rántí nǹkan dáadáa. Ti Ìyá mi kò pọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n sọ ohun kan fún ọ̀gá náà tí wọn kò sọ fún èmi ọmọ wọn rí, pé ó ń dun àwọn pé àwọn ti di ẹrù.

Ní ti iṣẹ́ náà gan-an, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni, ìṣẹ́jú márùnlélógójì lẹ́ẹ̀kan, owó rẹ̀ sì jẹ́ ₦6,000. Ohun tí wọ́n ń ṣe kò jọ ìṣègùn lójú ẹni tí ó ń wò ó. Ẹ jẹ́ kí n ya ọ̀kan sílẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí Ìyá mi mọ ibi tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wà, kí wọ́n má baà máa pè wá lálẹ́. Ọ̀dọ́bìnrin náà sọ fún wọn lẹ́ẹ̀kan, kò ní kí wọ́n máa mẹ́nu bà á bí ẹni tí ń pa àlọ́:

“Màmá, inú agolo pupa tí ó wà lórí fíríìjì ni oògùn yín wà. Níbo ni oògùn yín wà, Màmá?”

“Inú agolo pupa lórí fíríìjì ni, ọmọ mi.”

Ó dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, ó tún béèrè. Wọ́n dá a lóhùn. Ó fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọjà, ó tún béèrè. Lẹ́yìn náà ó di mẹ́rin, ó di mẹ́jọ. Ní ìṣẹ́jú kẹjọ, Ìyá mi ṣiyè méjì: “Inú... inú báàgì ni àbí?” Kò jẹ́ kí wọ́n máa méfò lọ, ó sọ ìdáhùn náà fún wọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó sì padà sí ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ó ní ọpọlọ tí kò rántí pé òun ti ṣi ọ̀rọ̀ yóò rántí àṣìṣe náà bí ẹni pé òtítọ́ ni, nítorí náà òun kì í jẹ́ kí àṣìṣe jókòó pẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ji Ìyá mi lójú oorun ọ̀sán béèrè, wọ́n ní agolo pupa. Wọ́n bínú pé mo jí àwọn nítorí ọ̀rọ̀ agolo.

Wọ́n fi rìbọ́ọ̀nù pupa di etí òsì tíréè ìjẹun wọn, kí ojú máa wá a kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ. Wọ́n ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ máa jókòó sí apá òsì, díẹ̀díẹ̀. Wọ́n fún wa ní ìwé ojoojúmọ́ kan tí a ó máa kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí, kí Ìyá mi máa yẹ̀ ẹ́ wò dípò kí wọ́n máa bi wá. Èdè òyìnbó ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Mo bi wọ́n pé ta ni yóò kà á fún Ìyá mi, nítorí pé Yorùbá nìkan ni wọ́n ń kà, tí wọ́n sì ń kà á geere. Kò sí ẹni tí ó dá mi lóhùn. Mo ra ìwé ìkọ̀wé, mo fi rúlà fa ìlà sí i, mo kọ lẹ́tà gàdàgbà: Òní ni. Ẹni tí ó wá. Ohun tí mo jẹ. Oògùn àárọ̀. Oògùn alẹ́. Lẹ́yìn oṣù kan, mo bá ẹ̀dà ìwé mi lórí tábìlì wọn, wọ́n ń fún àwọn aláìsàn mìíràn. Wọn kò tọrọ àyè lọ́wọ́ mi, inú mi sì dùn.

Bí ó ti wù kí ó rí, ẹ̀sùn méjì kù. Ọ̀kan ni eré orí kọ̀ǹpútà. Wọ́n ta á fún wa ní ₦25,000, pé ó ń dá ìrántí padà: ẹ ó máa ṣí káàdì, ẹ ó máa wá èyí tí ó jọra. Ìyá mi mọ eré náà dáadáa, àní wọ́n ń borí mi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ibi tí káàdì ẹyẹ wà kò tìtorí bẹ́ẹ̀ mọ ibi tí òun fi bàtà òun sí. Ọwọ́ tí ó ń ṣeré mọ eré ni. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún dókítà, òun náà ní ohun tí a bá fẹ́ kí wọ́n lè ṣe ni kí a máa fi kọ́ wọn, bóyá owó kíkà, bóyá oúnjẹ. Kí ló dé tí ẹ fi tà á nígbà náà? Ẹ má ra á.

Èkejì wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà kẹta tí a lọ ni wọ́n tó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ Ìyá mi, èmi ni mo sì béèrè. Ó jẹ́ 168 lórí 96. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó fà sítróòkù àkọ́kọ́, bí wọn kò bá sì mú un wálẹ̀ kúrò ní òkè 140 lórí 90, èkejì lè dé, èkejì a sì máa kó ohun tí àkọ́kọ́ ṣẹ́kù lọ. Kí ni ànfààní kí a máa to ẹ̀lùbọ́ sínú kóńgò tí ẹnì kan ń fi ọ̀bẹ gún nídìí? Wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n báyìí kí ènìyàn tó jókòó, wọ́n sì kọ ọ́ mọ́ ara ògiri. Wọ́n ti ri irin mọ́ àtẹ̀gùn náà pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé apá ọ̀tún nìkan ni.

Mo gbọdọ̀ yìn wọ́n fún èyí: wọn kò ta oògùn ìrántí kankan fún wa. Nínú ọkọ̀ láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́ nìkan, ó tó ìgò mẹ́ta tí wọ́n ti fi lọ̀ mí, èyí tí yóò la iyè arúgbó bí ti ọmọdé. Ọ̀gá náà ní bí oògùn bá wà tí ó lè dá ìrántí tí sítróòkù mú lọ padà, òun ìbá ti tì ilé òun pa. Ó sọ fún wa pé láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà àkọ́kọ́ ni ara máa ń yá jù, pé a pẹ́ díẹ̀ kí a tó wá, pé kò túmọ̀ sí pé ilẹ̀kùn ti tì lẹ́yìn rẹ̀.

Ìlú yìí kì í ṣe àjèjì sí ìwòsàn òyìnbó. Láti ọdún 1907 ni àwọn oníṣègùn ìjọ Onítẹ̀bọmi ti ń tọ́jú aláìsàn níbí, ilé ìwòsàn ńlá méjì ti fásitì sì wà lónìí, ti Bowen àti ti LAUTECH. Ẹni tí kò bá ní owó ilé ìtọ́jú aládàáni, kí ó kọ́kọ́ lọ síbẹ̀, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè fún àyẹ̀wò ọpọlọ àti ìrántí, nítorí pé bí ó bá dákẹ́, ẹsẹ̀ ni wọn yóò tọ́jú. Bí ìdàrúdàpọ̀ bá sì dé lójijì, láàárín ọjọ́ kan tàbí wákàtí, pẹ̀lú ibà tàbí ọ̀rọ̀ tí kò já gaara, kì í ṣe irú ilé ìtọ́jú yìí ni ẹ ó gbé e lọ. Ilé ìwòsàn ni, lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, Ìyá mi kò tíì padà sí ọjà Jagun, n kò sì rò pé wọn yóò padà. Wọ́n ṣì ń gbàgbé ẹni tí ó wá ní àárọ̀, àfi tí wọ́n bá ṣí ìwé. A ti gbé sílíńdà gáàsì kúrò ní ilé ìdáná nítorí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti fi iná sílẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ń ta ẹ̀lùbọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé, ọgbọ́n tí ọ̀dọ́bìnrin náà kọ́ wọn ni wọ́n sì fi ń tà á: abọ́ méjì, òkúta wẹ́wẹ́ nínú ti òsì, tí rìbọ́ọ̀nù pupa wà létí rẹ̀, bí wọ́n bá wọn kóńgò kan, kí wọ́n tó gba owó, wọn yóò mú òkúta kan láti òsì sí ọ̀tún. Ní ìrọ̀lẹ́, iye òkúta ọ̀tún ni iye kóńgò. N ó san ₦6,000 náà lẹ́ẹ̀kan sí i, n ó sì tún jà nítorí àtẹ̀gùn.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ó kọjá, oníbàárà kan dé nígbà tí Ìyá mi wà nínú ilé. Mo wọn kóńgò kan fún un, mo gba ₦2,000 rẹ̀, mo jù ú sínú agolo owó, mo sì bá tèmi lọ. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, wọ́n pè mí. Wọ́n ti to owó sórí ẹní, ₦20,000, wọ́n sì ti to òkúta sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ìlà kan ṣoṣo, láti òsì dé ọ̀tún.

“Òkúta mẹ́sàn-án,” wọ́n ní, “owó mẹ́wàá. Ta ló tà á láì fi òkúta sí i?”